Ọkùnrin Tó Ń Kó O

Kòtò tó yẹ kó máa rùn kò rùn mọ́. Ẹlòmíràn ìbá dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ da jìnnìjìnnì bo Wolé-wolé nìyẹn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń yẹ ẹran wò ní ilé ìpẹran. Aago méje àárọ̀ kì í lù kó má tíì wọ bàtà rọ́bà tó dé orókùn, kó so aṣọ funfun mọ́ àyà, kó sì yọ ọ̀bẹ rẹ̀ nínú àpò. Ẹran yòówù kí àwọn alápatà pa, òun ni yóò fọwọ́ tẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, òun ni yóò la fùkù tó fi ń mí, òun náà ni yóò tẹ orí ba kó gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá dára, á lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró mọ́ ọn nítan. Èyí tó bá lárùn, á wọ́gi lé e, wọn á sì wọ́ ọ lọ sínú kòtò tó wà lẹ́yìn ilé. Kò sí alápatà tó lè fi ẹ̀rín tàbí ẹkún yí i lọ́kàn padà. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wolé-wolé ni gbogbo wọn ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, nítorí ó di dandan kí n sọ bí kòtò náà ti máa ń rí. Fùkù màlúù tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ, tí ọyún inú rẹ̀ ki bí ọ̀dà, tó ń dún ṣàkàṣàkà lẹ́nu ọ̀bẹ bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àgùntàn tí aràn pẹlẹbẹ kún inú rẹ̀ bí ewé tó ti rọ sínú omi. Ọmọ inú ẹran tí kò tíì hu irun. Gbogbo wọn á wà níbẹ̀, wọn á máa yọ́ sínú ara wọn, ìdin á máa rìn wúyẹ́wúyẹ́ lórí wọn títí ojú kòtò á fi máa lọ sókè sódò bí ẹni tó ń mí. Kẹrosíìnì tó yẹ kí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́ láti fi dáná sun ún, oṣù kẹta rèé tí wọn kò rí i. Òórùn náà máa ń bá Wolé-wolé lọ sílé, nínú irun rẹ̀ àti lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Nítorí náà, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tó dé ẹ̀yìn ilé tí kò gbọ́ òórùn kankan, ṣe ló dúró sójú kan. Ó yọjú wo inú kòtò. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí eṣinṣin kan ṣoṣo. Ògiri amọ̀ rẹ̀ ń dán díẹ̀, bí abọ́ tí ajá ti lá.

"Baba Alápatà!" Olórí àwọn apẹran ló ń pè. "Ta ló kó kòtò?"

"Ọkùnrin kan báyìí ni." Baba Alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ, kò gbójú sókè. "Ọjọ́ kẹta rèé tó ti ń wá kó o. Kò gba kọ́bọ̀, kò tọrọ omi. Ká ní ọmọbìnrin ṣì kù fún mi nílé ni, ǹ bá fi í fún un."

"Ẹ mọ̀ pé òfin ò gbà á."

"Òfin ò gba òórùn yẹn náà, Wolé-wolé, a sì ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́." Àwọn alápatà yòókù bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ká bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà fún yín, kẹ́ ẹ lè ráyè wọ́gi lé e lẹ́ẹ̀kan sí i?"

Nígbà tí wọ́n pa ẹran tán, tí oòrùn sì wà láàárín orí, Wolé-wolé gbé àpótí síbi òjìji ògiri, ó jókòó, ó ń ṣọ́ kòtò tí wọ́n ti tún da ti ọjọ́ náà sí.

Kò rí ibi tí ọkùnrin náà gbà wọlé. Ó kàn rí i tí àwọn eṣinṣin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n pín sí méjì bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ ojú fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú korobá méjì. Ó jọ ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Imú Wolé-wolé, tó ń mọ ẹran aláìsàn lókèèrè, kò rí nǹkan kan gbọ́ lára rẹ̀. Kò sí òógùn, kò sí ọṣẹ, kò sí òórùn èèyàn rárá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé imú lé ojú dígí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn lọ. "Ṣé kí n kó o?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ajá lo fẹ́ kó o fún ni?"

Ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀, bíi pé ó ń káàánú rẹ̀. "Ajá ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, Mà. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Àyà Wolé-wolé já, nítorí ohun kan tó mọ̀ nípa ara rẹ̀, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Kíá ló gbá ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn.

"Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ń kó o ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wọ́gi lé e. Ó yẹ kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi."

Ó yẹ kó lé e lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́ta ló fi ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì, kò rí èsì ẹyọ kan. Eṣinṣin kan sì bà lé e létè, ó rìn ká, ó fẹ́ wọ ẹnu rẹ̀.

"Ó yá, kó o!" Ó gbá eṣinṣin náà dànù. "Kó gbogbo rẹ̀. Kò mọ sí ti inú kòtò nìkan o. Gbogbo èyí tó bá wà lára ẹran ní ìlú yìí pátá, kó o kúrò lójú mi, kí n sinmi."

"Mo ti gbọ́, Mà."

Ó rọra sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò. Wolé-wolé kò dúró wò ó.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ìlú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀. Lùkúlùkú tó ń pa adìyẹ ní àpafọ̀n dáwọ́ dúró. Ewúrẹ́ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ mọ́ ìrù rẹ̀, dìde lójú ẹni tó ni ín, ó lọ ń já ewé jẹ. Àwọn ajá ìgboro tí ara wọn ti pá, tí wọ́n ń họra títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun tuntun. Ní ilé ìpẹran, fùkù tí Wolé-wolé bá là, rírọ̀ ni yóò bá a. Ẹ̀dọ̀ tó bá tẹ̀, yóò máa dán bí bàtà tuntun. Ọ́fíìsì tí kò rí kẹrosíìnì fi ránṣẹ́ rí bébà kọ lẹ́tà ìyìn.

"Wolé-wolé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín o," ni Baba Alápatà ń wí. "Ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ẹran. Ojú tẹ́ ẹ máa ń fà ro yìí ṣáá ni mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, kó má baà lé oníbàárà."

Wolé-wolé rẹ́rìn-ín, kódà inú rẹ̀ dùn. Ọkùnrin náà ni kò jẹ́ kí ìdùnnú náà pẹ́.

Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin yìí ṣì ń wá lọ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan nínú kòtò mọ́. Lọ́jọ́ kan, Wolé-wolé gbọ́ tó ń wúkọ́, kì í sì í ṣe ikọ́ èèyàn. Ó la ẹsẹ̀, ó na ọrùn síwájú, ó yọ ahọ́n gbọọrọ, ó wú u bí màlúù. Nígbà tó yá, làpálàpá yí ọrùn rẹ̀ ká, rìbìtì-rìbìtì, èépá funfun ń ṣí létí rẹ̀, irun tó sì ń hù láàárín rẹ̀ jẹ́ irun àgùntàn. Itọ́ ń fà lẹ́nu rẹ̀ bí okùn títí dé ilẹ̀, kò nù ún. Àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ là, ó ń jẹrà, ó wá ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rìn lórí ẹ̀gún. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì funfun báláú. Bẹ́ẹ̀ ni kò rùn. Èyí ló rí Wolé-wolé lára jù lọ: ojú ń rí ìjẹrà, imú ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó tọ̀ ọ́ lọ. Ó wo inú korobá méjèèjì. Gbígbẹ ni wọ́n gbẹ, jáńtakùn ti ta sí ìdí ọ̀kan.

"Ibo lò ń kó o lọ?"

"Mi ò kó o lọ síbì kankan, Mà." Ó ṣí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, bí ọmọlúwàbí tó fẹ́ bọ́ṣọ níwájú dókítà. "Mo kó o ni. Ẹ ní kí n kó o."

Ikùn rẹ̀ ti wú. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé oòrùn ń là á kọjá, ohun púpọ̀ sì ń yí nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á wá fara kan awọ náà láti inú, wọn á dúró bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé, wọn á tún padà sẹ́yìn.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí Wolé-wolé fẹnu ara rẹ̀ sọ yé e. Ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ń kó o. Ẹni tí àrùn bá ràn, òun náà ti kó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Òun rò ó sí apá kan, ọkùnrin yìí sì ti rìn gba apá kejì.

"Ṣé kò dùn ọ́ ni?" ó bi í.

"Ó ń dùn mí, Mà," ni ọkùnrin náà wí, itọ́ ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó ń dùn mí gan-an."

Wolé-wolé bì sára ògiri. Obìnrin tí ìdin kò dà láàmú fún ọdún mọ́kàndínlógún dá ọwọ́ lé orókùn, ó bì títí tí kò fi rí nǹkan bì mọ́. Ó búra pé òun kò ní dé ẹ̀yìn ilé yẹn mọ́ láé. Ìbúra náà kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Nílé, èèyàn méjì ló ń bá a gbé. Àkọ́kọ́ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, tó padà sílé nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Èkejì ni ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Tíńtín. Nígbà tí Tíńtín gbọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà tiwọn, ó wálé, ó ní tòun kì í ṣe ìyá àgbà, ìyá tòun ni. Láti ọjọ́ náà, "Ìyá Tèmi" ló ń pe Wolé-wolé, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ajá ilé ń jẹ́ Wọ̀bìà, nítorí kò sí ohun tí kì í jẹ. Òun ni Tíńtín máa ń gbé orí lé bó bá ń wo ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ náà fi ọwọ́ di abẹ́ ìhà, tó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń ti òun. Wolé-wolé fi ìka méjì tẹ ibẹ̀, bó ṣe máa ń tẹ ẹ̀dọ̀ ẹran. Ó rọ̀, ó sì ń ta ìka padà. Òun àti aránṣọ mú ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀. Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. "Mà, ṣé ẹ ní ajá nílé?" ó bi wọ́n.

"A ní," ni aránṣọ wí. "Kí ni ajá ní í ṣe sí i? Ara ajá wa le koko."

"Ara irú ajá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń le, Mà." Ó fi ìka han bírípó dúdú kan tó wà nínú ẹ̀dọ̀ nínú fọ́tò náà. "Àpò omi ni. Ẹyin aràn kékeré kan tó ń gbé inú ajá ló ń di èyí. Ó ti tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ti ń dàgbà níbẹ̀. A lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló jókòó tì. Bó bá bẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń yọ ọ́, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀." Ó ní kí wọ́n gbé e wá fún iṣẹ́ abẹ ní Ọjọ́bọ̀.

Ohun tí dókítà kò mọ̀, Wolé-wolé mọ̀ ọ́n. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, bó bá rí fùkù tí ìléròrò omi wà lára rẹ̀, ó máa ń gé ibi ìléròrò náà sọnù, á di ìyókù sínú ọ̀rá, á mú un lọ sílé fún Wọ̀bìà ní tútù. Ó rò pé ikùn ajá le ju ti èèyàn lọ. Ó rò pé ohun tí òun fi ọ̀bẹ òun gé kúrò ti kúrò náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kán omi inú ìléròrò yẹn kan ṣoṣo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúgbìn aràn ló wà nínú rẹ̀. Inú ajá ni wọ́n ti ń di aràn tí kò gùn tó hóró ìrẹsì, ẹyin wọn á bá ìgbẹ́ jáde, á lẹ̀ mọ́ irun ajá. Ọmọ á gbá ajá mọ́ra, á sì fi ìka sẹ́nu. Ó kà á nínú ìwé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́. Ó tilẹ̀ yege nínú ìdánwò rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó padà sí ẹ̀yìn ilé ìpẹran. Ọkùnrin náà jókòó sí etí kòtò, ikùn rẹ̀ lé orí itan rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣebí mo ní kó o kó gbogbo rẹ̀!" ó kígbe mọ́ ọn.

"Ti ara ẹran lẹ wí, Mà." Ohùn rẹ̀ ti há. "Mo kó ti ajá yín. Ọmọ kì í ṣe ẹran."

"Dìde. Ti ọmọ náà ti di iṣẹ́ rẹ. Tẹ̀ lé mi."

Aránṣọ ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tíńtín sùn sórí ẹní nínú pálọ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ ẹsẹ̀ máṣínnì ìránṣọ àtijọ́. Bí ọkùnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ jíjẹrà rẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, Wọ̀bìà tó máa ń gbó títí kan ìjì fà wọ abẹ́ àga, ó tọ̀ sára.

"Kí ni kí n kó, Mà?"

"Ṣé o ò rí i ni?"

"Ẹ fara balẹ̀ sọ ọ́." Ó wo ọmọ náà, ó wo ìyá àgbà, ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣepin. "Bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ ni n ó ṣe kó o."

Ẹlòmíràn ìbá ní kó mú àpò omi náà kúrò, ìbá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Wolé-wolé mọ ohun tí ẹ̀kán kan lè ṣe. Ó ti gé ìléròrò nìkan rí, ó sì ti rí ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò fẹ́ kí irúgbìn kan ṣoṣo ṣẹ́kù.

"Gbogbo ohun tó kó nínú ilé yìí," ó ní, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́yọ lẹ́yọ. "Gbogbo rẹ̀ pátápátá. Má ṣẹ́ ẹyọ kan kù sí i lára."

Ọkùnrin náà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, itọ́ nìkan ló jáde. Ó kúnlẹ̀. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ sókè ìhà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan mì. Ohun kan tó tó ìkúùkù gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó dún pọ̀lọ̀. Wolé-wolé rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò dúró. Ó ń gbé e mì, ó ń gbé e mì, àwọn nǹkan kéékèèké, ọ̀pọ̀ wọn, ojú rẹ̀ dì, omi ń jáde lójú náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń rin ní ìgìrì. Nígbà tó ṣe tán, ó dìde, ó dìrọ̀ mọ́ ògiri, ó bá tirẹ̀ lọ. Ibi tó fara mọ́ lára ògiri tutù, ó ń yọ̀.

Tíńtín jí. Ó jókòó. Wolé-wolé tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó fà á mọ́ra.

Ọmọ náà dúró gbagidi láàárín ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ káàsán, Mà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ibo rèé?"

Ó mọ ABD. Ó mọ ìsọdipúpọ̀ títí dé ìlọ́po méje. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ níléèwé wà lórí rẹ̀ pé. Ohun tó kó nínú ilé ni kò sí mọ́. Ẹ̀rín tó ń gba imú jáde kó tó dé ẹnu, tó kó lára ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ kó lára Wolé-wolé, tí Wolé-wolé náà kó lára ìyá tó bí i, kò sí. Bó ṣe máa ń fa etí ara rẹ̀ bí oorun bá ń kùn ún, bí bàbá rẹ̀ tó ti kú, kò sí. Wọ̀bìà jáde lábẹ́ àga, ó ń ju ìrù. Ọmọ náà kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí ajá má baà fara kàn án. Nígbà tí aránṣọ wọlé nírọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ kí i, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga kí àlejò lè ríbi jókòó.

Ọjọ́bọ̀, dókítà ya fọ́tò mìíràn, ó tún un yà. Ó pe dókítà mìíràn wá wò ó. Ẹ̀dọ̀ náà mọ́ bí ti ọmọ tuntun.

"Màámi," ni aránṣọ wí nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, "kí lẹ ṣe fún ọmọ mi?"

"Ó ti sàn. Ṣé o ò gbọ́ pé ó ti sàn ni?"

"Mo bi yín pé kí lẹ ṣe fún un."

Wolé-wolé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kó tó débi tó yẹ kó sọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìpẹran lójú oòrùn, ó sì so aṣọ funfun mọ́ àyà bó ṣe máa ń ṣe níbẹ̀.

Ọkùnrin náà gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ó yíjú padà, ètè rẹ̀ tó ti bó ṣí, ẹ̀rín kan gba imú rẹ̀ jáde tòun ti ikun.

"Ìyá Tèmi! Ẹ ti pẹ́ jù!"

"Dá a padà," ni Wolé-wolé wí. "Mo bẹ̀ ọ́. Ohun tó jẹ́ ti àrùn ni kó o mú. Dá ìyókù padà fún un."

Ó pẹ́ kí ojú ọkùnrin náà tó padà di ti ara rẹ̀. "Kò ṣeé yà sọ́tọ̀, Mà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ gbà wọlé. Bí mo bá pọ̀ ọ́ padà, tòun tàpò omi náà ni. Ẹ kàn fẹnu sọ ọ́ fún mi."

Wolé-wolé ronú nípa àpò omi tó jókòó ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ronú nípa ọmọ tó wà nílé, tó ń jẹun dáadáa, tó ń sùn dáadáa, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ sílé onílé. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì.

"Rárá," ó sọ níkẹyìn. "Máa mú un lọ́wọ́."

Ojú ọkùnrin náà rún. Ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ yọ síta, ó ń gbọ̀n, ìfófòó sì ń já bọ́ láti orí rẹ̀. "Ṣé ẹ ò fẹ́ràn mi mọ́ ni?" Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Awọ tó wà láàárín ìka rẹ̀ ti jẹ tán, ohun kan tó rí wínníwínní sì ń rìn níbẹ̀. "Ìyá Tèmi, ẹ gbé mi."

Àwọn alápatà ti kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Baba Alápatà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wolé-wolé bọ́ aṣọ funfun tó wà láyà rẹ̀ sílẹ̀, nítorí Tíńtín kì í fẹ́ kó gbé òun pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ sábẹ́ apá jíjẹrà náà, ó gbé e. Ó wúwo bí àìsàn gbogbo ẹran ìlú. Ọkùnrin náà gbé orí ṣepinṣepin lé èjìká rẹ̀, itọ́ gbígbóná ń ṣàn wọ inú ẹ̀wù rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí ara rẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, nítorí oorun ti ń kùn ún.

"Ẹ má sọ̀ mí o," ó wí sí i létí.

Àwọn ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ yí, wọ́n fara kan ikùn Wolé-wolé láti òdìkejì awọ, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

"N ò ní sọ̀ ọ́," ó ní, ó dì í mú gírígírí, ó sì ń rọra mì í títí ó fi sùn.